Ta Ni Fuatino Pa?

Ọmọ gidi ni Fuatino, kò sẹ́ni tó lè bá mi jiyàn lórí ìyẹn. Àléébù kan ṣoṣo tó ní ni pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá. Kì í sì í ṣe òun nìkan, ó wà lára gbogbo àwa tí wọ́n bí ní erékùṣù Tutuila. Bí àgbà bá bi ọmọ léèrè ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni lọmọ á sọ. Tó bá délé, á wá jókòó ronú ohun tó máa fi bẹ́ẹ̀ ni ọ̀hún ṣe.

Bàbá rẹ̀, Olóyè Tialavea, ló kọ́kọ́ bi í bóyá ó fẹ́ di nọ́ọ̀sì. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà náà. Ẹ̀gún ló yọ lẹ́sẹ̀ àbúrò rẹ̀ tí ìyẹn ò sì ké, ni bàbá bá ní ọwọ́ nọ́ọ̀sì rèé. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Pásítọ̀ bi í, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tó ṣe ọdún méjì tán ní kọ́lẹ́ẹ̀jì erékùṣù wa, tí yunifásítì kan ní Honolulu, olú ìlú Hawaii, gbà á pé kó wá parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn, bàbá dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìdágbére, ó gbé ohùn olóyè jáde, ó ní ọmọ òun ń lọ, nọ́ọ̀sì ni yóò bá dé. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Ìyá àgbà sì gbé ẹní àtàtà kan sílẹ̀, ẹní tẹ́nikẹ́ni kì í sùn lé, èyí tó fi ọdún méjì hun títí tó fi rọ̀ bí aṣọ, tó fi ìyẹ́ pupa ṣe létí. Wọ́n kéde ẹ̀bùn náà sétí gbogbo èèyàn gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa: ọjọ́ tí Fuatino bá gboyè nọ́ọ̀sì ni kó ró o mọ́dìí. Ẹyin lohùn, ẹ̀yin èèyàn mi. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n kó odindi agbọ̀n ẹyin lé ọmọbìnrin náà lọ́wọ́.

Ní Honolulu, ọ̀dọ̀ Anti Malaea ló ń gbé, ní àdúgbò Kalihi. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin ni, ọ̀rọ̀ arábìnrin olóyè kì í sì í bọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Arákùnrin tó bá kọ̀ sí i lẹ́nu, ohun tójú rẹ̀ bá rí, òun ló fà á. Ọdún méjìlélógún ni Anti Malaea ti ń wẹ àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú kan, tó ń yí wọn lórí bẹ́ẹ̀dì, tó ń fọ aṣọ wọn. Kò níwèé ẹ̀rí kankan, nítorí náà ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ aṣọ nọ́ọ̀sì ló lè rán an níṣẹ́. Nígbà tí Fuatino kọ́kọ́ lọ rí Ìyáàfin Higa, ẹni tó ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn ní yunifásítì, Anti Malaea bá a lọ, ó jókòó tì í, òun ló sì dáhùn gbogbo ìbéèrè. Ìgbà tó dórí ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì, àwọn méjèèjì ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ibi tí wàhálà ti wọlé ò ju kọ́ọ̀sì kan lọ. Ó ku kọ́ọ̀sì kan kí iye tó gbọ́dọ̀ ṣe lọ́dún yẹn tó pé, èyí tó sì bọ́ sí àsìkò tí bọ́ọ̀sì wà ni ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti ohun ọ̀gbìn, láàárọ̀ Sátidé. Fuatino mú un bí ẹni mú iyọ̀ kún ọbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ahuna, olùkọ́ wọn, ọmọ ilẹ̀ Hawaii tí kì í wọ bàtà, kó wọn lọ sí oko kókò tó wà ní àfonífojì, ó ní kí wọ́n bọ́ sínú ẹrẹ̀. Fuatino rí ewé kan tí ojú egbò roboto-roboto ti bò, ó gbé e sí imú. Òórùn náà ni bàbá rẹ̀ ti máa ń sọ fún un láti kékeré.

Nítorí pé kí wọ́n tó bí Fuatino, àgbẹ̀ kókò ni bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ pàtàkì ni pẹ̀lú. Lọ́dún kan, àrùn ewé wọ Tutuila pẹ̀lú òjò. Kí oṣù kan tó parí, gbogbo oko ti dúdú, ó ń rùn. Bàbá lọ dúró sí ilé iṣẹ́ ẹja alágolo, ogún ọdún ló fi la inú ẹja níbẹ̀, tó ń ra kókò inú yìnyín ní ṣọ́ọ̀bù bí àlejò. Bó bá mu tíì tán nírọ̀lẹ́, á tún ìtàn náà sọ, ibì kan náà ló sì máa ń parí rẹ̀ sí: àwọn ọ̀mọ̀wé wá láti òkèèrè, wọ́n wo ewé, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n bá tiwọn lọ.

Láti Sátidé yẹn ni ọkàn Fuatino ò ti sí lára nọ́ọ̀sì mọ́. Ìwé egungun àti iṣan, ó ń kà á bí ẹni ń lo oògùn. Ìwé kókò, ó ń kà á bí ẹni ń jẹun. Ó bi Ọ̀gbẹ́ni Ahuna ní ìbéèrè títí ọkùnrin náà fi rẹ́rìn-ín pé kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí òun lọ fọ ẹsẹ̀. Àmọ́ ó mọ ohun tó ń dúró de òun. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ tí ìwé ò wọ orí rẹ̀ ni wọ́n ń fún ní ọkọ́, ọmọkùnrin sì ni. Kí obìnrin wọ ọkọ̀ òfuurufú wákàtí márùn-ún lọ kọ́ kókò, ẹ̀fẹ̀ nìyẹn, wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́ dé ọjọ́ alẹ́.

Ó lọ bá Ìyáàfin Higa, òun nìkan lọ́tẹ̀ yìí. Obìnrin náà tú ọ̀rọ̀ palẹ̀ fún un. Nínú ogún kọ́ọ̀sì tó kó wá láti erékùṣù, mẹ́jọ ló máa di òfò tó bá yí padà, ọdún kan gbáko ló sì máa fi kún un. Nọ́ọ̀sì ńkọ́? Ọ̀ọ́dúnrún èèyàn ló ń wá ogójì àyè, orúkọ Fuatino sì ti jáde. Tó bá fi sílẹ̀, ẹlòmíì ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá sì wá láti ilé ẹ̀kọ́ mìíràn, ẹ̀ẹ̀kan péré ló lè yí ẹ̀kọ́ padà. Aago mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì ni ìlẹ̀kùn máa tì.

Ìyáàfin Higa ní, "Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni ẹ́. Kò sẹ́lòmíì tó máa fọwọ́ sí i àfi ìwọ."

Fuatino wo fọ́ọ̀mù náà, àyè ìfọwọ́sí kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó ronú pé àwọn tó tẹ fọ́ọ̀mù yìí ò mọ iye èèyàn tó jókòó sínú ìlà kékeré yẹn: bàbá, ìyá àgbà, pásítọ̀, odindi ìjọ.

Ẹ̀rù bà á, kí n má purọ́. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta tó fi gbé fọ́ọ̀mù náà kiri nínú àpò. Àmọ́ ó ti mọ ohun kan: tó bá kọ́kọ́ lọ béèrè, wọ́n á ní kó dúró sí nọ́ọ̀sì, á ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀ títí ayé. Ó ní kí òun kọ́kọ́ ṣe é, kí òun wá gba ìyà rẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó fọwọ́ sí i, ó gbé e lélẹ̀ níwájú Ìyáàfin Higa ní aago mẹ́ta kọjá díẹ̀. Ìyáàfin Higa ní àárọ̀ Mọ́ńdè ló máa wọ inú kọ̀ǹpútà. Tí ọkàn rẹ̀ bá yí padà kí ó tó dìgbà náà, kó wá gbà á.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá balẹ̀ sí Honolulu. Gbọ̀ngàn tuntun ni ìjọ wa tó wà ní Kalihi kọ́, wọ́n sì pè é pé kó wá sọ̀rọ̀ níbi ìṣílé rẹ̀. Ó jáde ní pápákọ̀ òfuurufú, ó gbá ọmọ mọ́ra, ó ní, "Nọ́ọ̀sì mi, wá wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi yìí kí o tó kí mi." Gbogbo ohun tí Fuatino tò sẹ́nu láti òru ló gbé mì. Nínú ọkọ̀, bàbá bi í bóyá ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ń lọ dáadáa. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Bó ti sọ ọ́ tán ló gé ara rẹ̀ ní ètè jẹ. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta ló tún gbìyànjú lọ́jọ́ yẹn, lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni bẹ́ẹ̀ ni jáde lẹ́nu rẹ̀ bí òsúkè.

Ọjọ́ Àìkú pé. Lẹ́yìn ìwàásù, wọ́n ní kí Olóyè Tialavea sọ̀rọ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọ, ó yin gbọ̀ngàn, ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní òun náà ní ilé kan tí òun ń kọ́ nílùú yìí, ilé ọ̀hún ti fẹ́ gba òrùlé. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì ìdílé Tialavea, dìde kí wọ́n rí ọ."

Gbogbo orí yí padà. Fuatino ò dìde. Anti Malaea já a léèékánná nítan, síbẹ̀ kò dìde. Bàbá dúró díẹ̀, ó ní ojú ń ti ọmọ òun, àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì kọrin. Ṣùgbọ́n ara Fuatino ti gbóná. Ọ̀rọ̀ kan náà, ìjọ méjì, erékùṣù méjì. Ó rí i pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ lójú gbogbo èèyàn bẹ́ẹ̀, kò ṣeé fà padà ní ìkọ̀kọ̀.

Ìjọ tú, gbogbo wọn rọ́ lọ sí gbọ̀ngàn láti jẹ oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Fuatino gba ilé Anti Malaea lọ, òpópónà kejì ni, ó sì padà pẹ̀lú ẹní ìyá àgbà, tó gbé wá láti ilé, lábẹ́ apá. Ó kúnlẹ̀ sórí kọnkéré níwájú ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ó fi ẹní náà borí, ó sì dákẹ́.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Bí ará ilé ẹni bá pa èèyàn, ẹní àtàtà la fi ń borí, tí a ó lọ kúnlẹ̀ síwájú ilé ẹni tí a ṣẹ̀. A kì í sọ̀rọ̀. Bí ẹni tí a ṣẹ̀ bá ká ẹní náà kúrò lórí wa, ọ̀rọ̀ parí. Bí kò bá ká a, ohun tó bá wù ú ni kó fi wá ṣe. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni. Ó tó ogún ọdún tẹ́nikẹ́ni ti rí irú rẹ̀ ní Kalihi.

Ọmọ kan tó fẹ́ jáde lọ tọ̀ ló kọ́kọ́ rí i, ló bá sáré wọlé padà pẹ̀lú ìtọ̀ nínú. Ìròyìn náà kárí gbọ̀ngàn. Ìyá Penina, olórí akọrin, gba ẹ̀yìn jáde, ó lọ bẹ̀rẹ̀ wo iwájú mọ́tò Anti Malaea bóyá ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹnì kan ní ó ti gún arúgbó lábẹ́rẹ́ òdì ni. Ẹlòmíì ní ìdí rèé tí kò fi lè dìde láàárọ̀. Kí pásítọ̀ tó kúrò nídìí ìkòkò oúnjẹ, Fuatino ti pa èèyàn mẹ́rin.

Bàbá jáde, àwo oúnjẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mọ ẹní ìyá rẹ̀. Ó rọra béèrè pé, "Ta lo pa?"

"Ọ̀rọ̀ yín ni, Bàbá." Ohùn Fuatino jáde lábẹ́ ẹní. "Èyí tẹ́ ẹ sọ nílé, tẹ́ ẹ tún sọ láàárọ̀ yìí. Mi ò ṣe nọ́ọ̀sì mọ́. Mo ti yí i padà lọ́jọ́ Ẹtì. Kókò ni mo fẹ́ kọ́, àti àrùn tó ń pa á."

Lẹ́yìn náà ẹnì kan nínú gbọ̀ngàn tún un sọ, "Kókò," ẹ̀rín sì bú. Ẹ̀rín ìfọ̀kànbalẹ̀ ni, nítorí pé kò sí òkú, àmọ́ ẹ̀rín ni, Olóyè Tialavea ni wọ́n sì ń rín.

"Ẹní ẹ̀jẹ̀ lèyí," bàbá sọ. "Ogún ọdún ni mo fi la inú ẹja kí ìwọ má baà wọ ẹrẹ̀. O la òkun kọjá kó o lè padà wọ ẹrẹ̀, o wá mú ẹní ìyá mi bo ìyẹn lórí."

"Mi ò wá tọrọ àyè, Bàbá, mo ti ṣe é. Ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ṣẹ̀ yín ni mo kúnlẹ̀ sí."

Bàbá wo ẹní náà títí. Kò ká a. Ó yí ẹ̀yìn padà, ó wọlé, ó jókòó, ó sì ń jẹun lọ. Oòrùn ọ̀sán wà lórí kọnkéré yẹn, orúnkún Fuatino ń jó, òógùn ń wọ̀ ọ́ lójú. Nínú ilé, ọ̀rọ̀ ti di adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Àwọn tó ń jẹun ò gbádùn rẹ̀, àwọn tó sì yó ò lè jáde, nítorí ta ló máa gba orí ẹni tó fi ẹní borí kọjá, ta ló sì máa gba ẹ̀yìn sá lọ bí olè?

Nígbà tó ṣe díẹ̀, Fuatino rí ẹsẹ̀ Anti Malaea lábẹ́ etí ẹní, ẹsẹ̀ tó wú nítorí ìdúró. Anti bẹ̀rẹ̀, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ọmọ mi. Ọ̀ọ́dúnrún èèyàn ń wá ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ. Ọmọdé tí mo lè bí ló ń rán mi níṣẹ́ níbi iṣẹ́, mo ní bó pẹ́ bó yá, ọmọ arákùnrin mi á wọ aṣọ yẹn, ẹ̀gàn mi á sì kúrò. Dìde. A ó ní oòrùn ló ń kọ lù ọ́. Àárọ̀ ọ̀la, èmi pẹ̀lú rẹ á lọ gba ìwé yẹn padà lọ́wọ́ obìnrin yẹn, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ mọ́. Ṣé o gbọ́?"

Bẹ́ẹ̀ ni ti dé ẹnu Fuatino. Ó mọ adùn rẹ̀. Tó bá ti jáde báyìí, orúnkún á sinmi, omi tútù á dé, ojú Anti á tún rẹ́rìn-ín. Ó rántí ẹsẹ̀ tó wú yẹn, ó sì dùn ún dé ọkàn, nítorí ó fẹ́ràn obìnrin náà.

"Mo mọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ ṣe fún mi," ló sọ. "Rárá, Anti."

Anti Malaea dìde, ó wọlé, ó lọ dúró lé arákùnrin rẹ̀ lórí.

Ó ní, "Ọmọ rẹ sọ fún mi pé rárá. Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ sí mi rí. Mi ò ní kí o ká ẹní, mi ò sì ní kí o má ká a. Àmọ́ má jókòó máa jẹ kókò lójú ọmọ yẹn."

Bàbá gbé àwo sílẹ̀, ó sì jáde. Ó ti rò pé ọ̀rọ̀ ìbínú ni òun ń gbé bọ̀, bó ti dé iwájú ẹní náà, ọ̀rọ̀ mìíràn ló jáde.

"Nígbà tí àrùn wọ oko mi," ó ní, "mo já ewé tó lárùn, mo sun ún. Mo tún ilẹ̀ kọ. Mo gbààwẹ̀. Wọ́n ní mo ya ọ̀lẹ, wọ́n ní mo dẹ́ṣẹ̀. Ìwọ tó o kọ́ ọ, kí ni mo ṣe tí kò dáa?"

Ọgbọ̀n ọdún ló fi sọ ìtàn yẹn nídìí tíì, kò béèrè ìyẹn rí.

"Kò sóhun tẹ́ ẹ ṣe tí kò dáa, Bàbá. Irú kókò kan náà ni gbogbo erékùṣù gbìn, torí pé òun ló dùn jù. Òjò ló ń gbé àrùn láti ewé dé ewé. Àrùn tó bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń pa ọ̀kan, ti mọ bí wọ́n ṣe ń pa gbogbo rẹ̀. Ká ní irú mẹ́ta mẹ́rin ló wà lóko, púpọ̀ ì bá yè. Irú rẹ̀ tó lè dúró de àrùn náà wà, mo ti fọwọ́ kàn án. Ogójì nọ́ọ̀sì ló máa jáde nínú kíláàsì yẹn láìsí mi. Nínú ti kókò, èmi nìkan ni ará ilé wa. Kì í ṣe ọwọ́ yín ló pa oko yín."

Lábẹ́ ẹní, Fuatino gbọ́ bọ́ọ̀sì tó ń kọjá lójú pópó. Lẹ́yìn náà ìmọ́lẹ̀ wọlé lójijì, nítorí bàbá ti di etí ẹní náà mú, ó sì ká a kúrò lórí rẹ̀. Irun ọmọbìnrin náà ti lẹ̀ mọ́ orí. Ojú bàbá pọ́n, kò sì nù ún.

Ó ká ẹní náà sí méjì, ó tún un ká sí mẹ́rin, ó fi há abẹ́ apá. Ó ní òun á padà dúró nínú ṣọ́ọ̀ṣì nílé, níbi tí òun ti sọ ti àkọ́kọ́, òun á sì sọ èyí. Ó ní wọ́n máa rẹ́rìn-ín, kí Fuatino sì wà lórí fóònù kó gbọ́ ẹ̀rín ọ̀hún pẹ̀lú etí ara rẹ̀. Fuatino ní òun á gbọ́ ọ.

"Ẹní ti di tèmi," bàbá sọ. "Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ló ń gba ẹní. Lọ́jọ́ tó o bá gboyè, kò sí nǹkan tó o máa ró. Ewé kókò ni wàá fi bora. Láti oko mi tí àrùn pa yẹn sì ni, ewé tí kò lójú egbò kan lára. Ṣé o lè ṣe é?"

Fuatino ò tíì dìde lórí orúnkún. Kò yára dáhùn. Ó ronú nípa ilẹ̀ náà, òjò rẹ̀, iye ọdún tó máa gbà, ó wá gbé ojú sókè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."